Ìṣẹ́jú Mọ́kànlélọ́gbọ̀n

Ẹ jẹ́ n rojọ́ Olóyè Adétúnbọ̀ Akínyọdé fún yín, nítorí bí mi ò bá rò ó, inú mi á wú, ọjọ́ orí mi ò sì gba inú wíwú mọ́. Ọkùnrin náà ò kú o. Ara rẹ̀ le, ó ń jẹun kánú, ilé rẹ̀ ṣì wà ní Ìkẹ́nnẹ́ níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló rọlẹ̀.

Nígbà tí mò ń wí yìí, òun ni Olùdarí Àgbà ọ́fíìsì tó ń rí sí ìsopọ̀ láàárín pápákọ̀ òfurufú tiwa ní ilẹ̀ Rẹ́mọ níbí àti pápákọ̀ òfurufú ti Èkó. Ẹ má bi mí pé kí ni ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Èmi náà béèrè, wọ́n ní kí n lọ kọ lẹ́tà wá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé èèyàn mẹ́rìnlá ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, iṣẹ́ méje nínú wọn sì ni kí wọ́n máa dìde bí Olóyè bá ti ń wọlé. Bí Olóyè bá sín, Táyé, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á kígbe pé, "Àlàáfíà fún gbogbo Rẹ́mọ!" Ẹlòmíràn á sáré lọ ṣí fèrèsé, kí atẹ́gùn lè rí Olóyè kí. Bí kò bá sín láti àárọ̀ dé ọ̀sán, wọ́n á máa wo ara wọn lójú pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ìdìbò. Ẹ mọ bí ọjọ́ ìdìbò ṣe máa ń rí. Gbogbo Nàìjíríà á dúró sójú kan, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ rìn, àwọn ọmọ á sọ ojú títì di pápá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n Olóyè ní ìwé àṣẹ. Ó jókòó sẹ́yìn jíìpù, Ògúndélé dírẹ́bà rẹ̀, àgbàlagbà ọmọ Òde Rẹ́mọ kan, wà nídìí ọkọ̀, ọkọ̀ ọlọ́pàá ń han sáírìn níwájú wọn, ó di géré. Láti ẹnu géètì pápákọ̀ wa títí dé Bẹ́gà, ní ẹnu ibodè Èkó, wọn ò rí ọkọ̀ kankan. Ewúrẹ́ méjì ni wọ́n bá pàdé ní Mọ́wé, àwọn yẹn náà sì yà fún wọn. Nígbà tí wọ́n kan géètì pápákọ̀ Èkó, Olóyè wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n!

"Ògúndélé!"

"Sà."

"Àwọn èèyàn ní báwo ni ọ̀nà yìí ṣe jìn tó?"

"Sà, ọwọ́ ọjọ́ ló wà. Nígbà mìíràn, wákàtí méjì. Tó bá wá jẹ́ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí àwọn ìjọ ńláńlá ń lọ ṣe àpéjọ wọn lójú ọ̀nà yìí, a lè lo mẹ́rin."

"Irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ ọ̀nà! Ó ti pẹ́ tí mo ti fura."

"Sà, ọjọ́ ìdìbò lòní o."

"Ṣé ọ̀nà ló ń dìbò ni?"

Ògúndélé rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Lóòótọ́, ọ̀nà kì í dìbò.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Olóyè pe ìpàdé. Ó wọ agbádá aláwọ̀ òfurufú, ó dúró, ó wúkọ́, Táyé pàtẹ́wọ́ fún ikọ́ náà.

"Ẹ̀yin ọmọ Rẹ́mọ tó wà níbí," ni Olóyè wí, "ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, àti ẹ̀yin tí wọn ò tíì bí! Àwọn baba ńlá wa fẹsẹ̀ rin ọ̀nà Èkó, wọn ò mọ bó ṣe jìn tó. Òyìnbó fi ṣéènì wọ̀n ọ́n, wọn ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Èmi Adétúnbọ̀, mo jókòó lásán ni, mo sì mọ̀ ọ́n! Láti òní lọ, láàárín pápákọ̀ kìíní àti pápákọ̀ kejì, ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ẹni tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ló pẹ́, ọ̀nà ò pẹ́."

Táyé sunkún. Omijé gidi ni o, mo bi ẹni tó dúró tì í.

Wọ́n ri pátákó gàgàrà kan mọ́lẹ̀ ní ìkóríta láti kéde ọ̀rọ̀ náà. Àwòrán Olóyè gba ojú pátákó tán, wọ́n wá kọ iye ìṣẹ́jú náà sẹ́yìn, níbi tó jẹ́ pé àwọn tó ń ti Èkó bọ̀ nìkan ló lè rí i. Ìyẹn ò tó o. Olóyè tún gbé òfin jáde: kò sí òṣìṣẹ́ tàbí ọkọ̀ kankan, títí kan ọkọ̀ tó ń kó èrò, tó gbọdọ̀ jáde ní géètì wa lọ sí pápákọ̀ Èkó ṣáájú wákàtí kan sí àsìkò tí ọkọ̀ òfurufú máa gbéra. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n fún ìrìn, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n fún ìsinmi. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ tètè lọ, alárèékérekè ni, ó ń ṣiyèméjì sí ìjọba.

Ẹ ò ní í béèrè bóyá àwọn èèyàn ń pàdánù ọkọ̀. Wọ́n ń pàdánù ẹ̀! Olùkọ́ kan láti Ìsarà pàdánù tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó wá fẹjọ́ sùn, Olóyè wo aago ọwọ́ olùkọ́ náà fínnífínní, ó ní, "Ìyá, aago yín ló ń ṣàìsàn. Ẹ gbé e lọ fún wọn kí wọ́n tún un ṣe."

Ẹnì kan ṣoṣo ló bá a sọ òótọ́ ní ọ́fíìsì náà, ìyẹn Màdáàmù Mọ́rọ́nfọ́lá, igbákejì rẹ̀. Ọmọ tíṣà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Ìpẹ̀rú ni, ìwé kíkọ sì wà lẹ́jẹ̀ẹ́ wọn. Obìnrin yìí rin ọ̀nà náà fún ogún ọjọ́, ó ń kọ àsìkò tó lò sílẹ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ó wá fi hàn pé ìrìn náà ń gbà ju wákàtí méjì lọ. Olóyè gba ìwé náà, ó ní kí wọ́n ká a sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n fi há ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì.

"Màdáàmù," ló wí, "ẹ rin ọ̀nà yẹn láìní ìgbàgbọ́. Ọ̀nà sì mọ̀."

Àsìkò yìí ni lẹ́tà dé láti Àbújá. Ìjọba àpapọ̀ fẹ́ yan Alága fún Ìgbìmọ̀ Ìsopọ̀ Àwọn Pápákọ̀ Òfurufú ní gbogbo Nàìjíríà, wọ́n sì mú orúkọ Olóyè. Ẹ gbọ́ ohun tí lẹ́tà wí: kí Olóyè fara hàn ní Àbújá fúnra rẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, bí kò bá sí níbẹ̀, igbákejì rẹ̀ ni wọn ó búra wọlé fún.

Olóyè rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Kí òun má sí níbẹ̀ kẹ̀? Láti ọmọ ogójì ọdún ló ti ń wá ipò tí wọ́n ń fi ìbúra wọ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ló rán agbádá tuntun, ó sì ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ má pe òun ní Dádì mọ́. "Alága ni kí ẹ máa pè mí, kí ẹnu yín lè tètè mọ́ ọn."

Mọ́rọ́nfọ́lá gbà á nímọ̀ràn. Obìnrin náà ò kọ́gbọ́n. "Sà, ọkọ̀ òfurufú kékeré kan máa gbéra níbí gan-an lọ sí Àbújá lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, ní aago mọ́kànlá àbọ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ wọ̀ ọ́."

"Kí akọ̀ròyìn wá rí mi kí n máa wọkọ̀ níbí, bí ẹni pé ọ̀nà Èkó ń bà mí lẹ́rù? Èkó ni n ó ti gbéra, ọkọ̀ aago méjìlá ni n ó wọ̀. N ó fi han ayé pé pápákọ̀ méjèèjì, yàrá àti pálọ̀ ni wọ́n. Ẹ̀yin, ẹ gba ibí, ẹ kó ẹrù mi. Ẹrù ò níyì tó lè bàjẹ́."

Ó di Ọjọ́bọ̀. Ògúndélé wá bá a, ó ń họ orí. "Sà, ọ̀la ni ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sun Ìkẹjà lónìí."

"Ṣé èèyàn máa ń sun ọ̀nà ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, Ògúndélé?"

Ṣé Olóyè ò mọ̀ ni? Ó mọ̀ o! Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyẹn. Wọ́n bí i sí Rẹ́mọ, ó dàgbà sí Rẹ́mọ, ó mọ ọ̀nà Èkó bí ẹni mọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pa irọ́ náà pẹ́, irọ́ ti di àlejò ńlá nílé, kò mọ bí wọ́n ṣe ń lé e jáde. Nígbà tó di aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Ó yọ́ lọ sí pápákọ̀ wa, níbi tí jíìpù ìjọba máa ń sùn, ó wọ inú rẹ̀, ó ní kí Ògúndélé máa wà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lọ sí ẹnu géètì.

Lásúnkànmí ẹ̀ṣọ́ géètì kí i bíi sójà. Kò ṣílẹ̀kùn.

"Sà, aago mẹ́jọ ló lù. Ọkọ̀ yín ní Èkó, aago méjìlá ni. Òfin ní kí n ṣí i ní aago mọ́kànlá."

"Lásúnkànmí, ṣé o mọ̀ mí?"

"Mo mọ̀ yín dáadáa sà. Ẹ̀yin lẹ lé ẹnìkejì mi níṣẹ́ lóṣù tó kọjá, torí pé ó ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó ní òun fẹ́ tètè lọ. Mo ní ọmọ mẹ́ta sà."

Olóyè bọ́ sílẹ̀ kó lè bá a sọ ọ̀rọ̀ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àfi gbàgà! Akọ̀ròyìn rédíò kan ti yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i lẹ́nu. "Olóyè, ṣé ẹ fẹ́ tètè máa lọ ni?"

"Èmi?" Olóyè rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà há. "Mo wá yẹ géètì wò ni. Géètì yìí dára púpọ̀." Ó fọwọ́ gbá géètì náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì padà sínú.

Báyìí ni ọkùnrin náà ṣe jókòó fún wákàtí mẹ́ta sínú ẹ̀wọ̀n tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Àwọn tó wá sìn ín jáde dé. Ẹgbẹ́ akọrin láti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ dé, wọ́n kọrin mẹ́fà, orin kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ márùn-ún. Wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ wá fún un, ẹja ń yọjú nínú rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Bó bá ti wo aago, Táyé á bù sí i fún un.

"Kí lẹ ń wo aago sí, Alága wa? Ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n péré ni. Ẹ jẹun!"

Ó ń jẹ, ó ń làágùn. Ó ń gbàdúrà pé kí ẹnì kan, ẹnikẹ́ni, fipá gbé òun sọ sínú ọkọ̀. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ jù, wọn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ibi tó jókòó sí, ó rí Mọ́rọ́nfọ́lá tó ń ti àpótí òun méjèèjì wọ ilé tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ òfurufú, ó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó ń lé e. Ojú Olóyè tẹ̀ lé e títí ilẹ̀kùn fi pa dé. Ó jowú àpótí ara rẹ̀.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan kí aago mọ́kànlá lù, wọ́n ní kí ó sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó máa ń lo wákàtí méjì láti fi kí àga ìjókòó! Ó ní, "Ẹ ṣé, ó dàbọ̀," ó fò sínú jíìpù.

"Ẹ dúró sà!" Táyé ń sáré tẹ̀ lé e. "Ẹ ò tíì kí àwọn tí wọn ò tíì bí!"

"Kí wọ́n dúró de ìyá wọn! Ògúndélé, wa ọkọ̀!"

Ó di eré. Táyé jókòó níwájú, akọ̀ròyìn rédíò náà jókòó ti Olóyè, ó ń sọ ìrìn náà lórí afẹ́fẹ́ bó ṣe ń lọ, gbogbo Rẹ́mọ ń gbọ́. Ìkóríta Ṣàgámù kọjá bíi kí ẹ ṣẹ́jú. Inú Olóyè bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, ó tilẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan lórí ìgbàgbọ́. Wọ́n dé Mọ́wé, ọkọ̀ dúró.

Ọkọ̀ dúró níwájú, ọkọ̀ dúró lẹ́yìn, ọkọ̀ dúró níbi tí kò sí ọ̀nà. Bọ́ọ̀sì onígbàgbọ́ pẹ̀lú ẹní àti ìrọ̀rí lórí òrùlé, kò lóǹkà. Ọlọ́pàá iwájú ń han sáírìn. Obìnrin kan yọrí lójú fèrèsé bọ́ọ̀sì, ó sọ fún un pé, "Ọ̀gá, ẹ fi ibi tí ẹ fẹ́ ká yà sí hàn wá." Ọlọ́pàá wò yí ká, kò rí ibì kankan, ó pa sáírìn.

Wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí Táyé, ẹni tí Elédùmarè ò fún ní làákàyè púpọ̀, wo fóònù rẹ̀, ó kígbe pé, "Ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti pé! Ẹ kú oríire, Alága! A ti dé!"

Akọ̀ròyìn na ẹ̀rọ sí Olóyè. "Olóyè, gbogbo Rẹ́mọ ń gbọ́ yín. Níbo la wà báyìí?"

Olóyè wo ìta. Pátákó wà níbẹ̀, MỌ́WÉ ni wọ́n kọ sí i, lẹ́tà gbàǹgbà gbàǹgbà.

"Èkó ni," ló wí.

"Mọ́wé ni sà," ni Ògúndélé wí.

"Ògúndélé, ìṣẹ́jú mélòó la ti lò?"

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n sà."

"Láàárín pápákọ̀ méjèèjì, ìṣẹ́jú mélòó ni?"

"Ẹ ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni sà."

"Nígbà náà, pápákọ̀ Èkó nìyí. Ẹ bọ́ sílẹ̀!"

Háà! Ẹ̀yin èèyàn mi, mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Ṣàgámù nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn jáde lórí rédíò. Onígbàjámọ̀ gbé abẹ kúrò ní orí mi kó tó rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run á bù kún un.

Wọ́n bọ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Olóyè dúró ní ẹ̀gbẹ́ títì, ó ń wo òkè bóyá ọkọ̀ òfurufú máa sọ̀ kalẹ̀ wá gbé e. Oòrùn ló rí níbẹ̀. Ó padà wọ jíìpù. Aago méjìlá lù, ó kọjá. Síbẹ̀ ó ń fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé ọkọ̀ òfurufú Nàìjíríà kì í gbéra lásìkò, bóyá wọ́n ń dúró de òun.

Nígbà tó di aago kan ọ̀sán, fóònù rẹ̀ dún. Mọ́rọ́nfọ́lá ni.

"Ẹ kú ìrìn sà. A ti dé Àbújá láyọ̀, àwọn àpótí yín náà ti dé. Wọ́n ń béèrè yín. Níbo lẹ dé?"

"A ti wọ Bẹ́gà," ni Olóyè wí.

Ògúndélé yíjú wo Táyé. Táyé wo ilẹ̀. Ní ojú fèrèsé, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ké sí wọn, ohùn rẹ̀ ń lọ geere: "Baba oníjíìpù, ẹ̀yin tí ẹ ti wà ní Mọ́wé láti ìjẹta, ẹ ò ní í ra búrẹ́dì ni?"

"Ó dáa sà," ni Mọ́rọ́nfọ́lá wí. "Ẹ rọra o."

Ẹ̀rù ba Olóyè wàyí. Ó ṣílẹ̀kùn, ó fò sí ẹ̀yìn ọlọ́kadà kan, ó ní, "Pápákọ̀ Èkó! Máa gbé mi lọ!" Agbádá rẹ̀ gba atẹ́gùn, ó wú, ó bo ọlọ́kadà lójú, ọlọ́kadà ń pariwo pé òun ò ríran. Fìlà rẹ̀ fò wọ inú bọ́ọ̀sì onígbàgbọ́ kan ní Ìbàfò, wọ́n sọ pé Halelúyà. Ọkadà méjì àti kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ló gbé e débẹ̀.

Aago méjì kọjá dáadáa kó tó dé iwájú ọmọbìnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ní pápákọ̀ Èkó. Ọmọ náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe é.

"Bàbá, ọkọ̀ yín ti gbéra láti aago méjìlá. Ibo lẹ ti ń bọ̀?"

"Rẹ́mọ."

"Aago mélòó lẹ kúrò nílé?"

"Mọ́kànlá."

"Fún ọkọ̀ aago méjìlá? Lónìí, ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́? Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ta ló gbà yín nírú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀?"

Olóyè la ẹnu. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti joyè, kò sí nǹkan kan tó jáde níbẹ̀. Ó wá àga kan, ó jókòó, ó gbé fóònù rẹ̀ jáde. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò lè ṣe nǹkan kan ju kó máa wò ó lọ. Nígbà tí aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, àwòrán kan yọ lórí Wásáàpù: Mọ́rọ́nfọ́lá ló na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó ń búra, àpótí Olóyè méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lábẹ́ àwòrán náà, wọ́n kọ ọ́ pé, "ALÁGA WA TÒÓTỌ́! A ti ń sọ ọ́ tipẹ́!" Táyé ló gbé e síbẹ̀. Inú jíìpù ní Mọ́wé ni Táyé ṣì wà o, ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ ti dé Àbújá.

Ojú Olóyè sì kún fún omi, n ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ó dùn ún.

Àwọn kan ní kí Mọ́rọ́nfọ́lá lé e dànù. Obìnrin náà kọ̀. Ó fagi lé òfin, ó gbé ẹnìkejì Lásúnkànmí padà síṣẹ́, ó sì fún Olóyè ní ìwé àti bírò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá ọkọ̀ èrò lọ sí pápákọ̀ Èkó lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà, kó máa kọ àsìkò tó lò sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kó jókòó sí ẹnu géètì wa, kó máa dá àwọn èrò lóhùn. Olóyè rìn ín. Òjò pa á ní Àrẹpo, oòrùn jó o ní Ìbàfò, ó ti àwọn bọ́ọ̀sì tó kú sójú ọ̀nà, ó mọ orúkọ àwọn ọmọ obìnrin oníbúrẹ́dì.

Mo kọjá níbẹ̀ láìpẹ́ yìí, mo bá a lórí bẹ́ǹṣì. Ìyá arúgbó kan láti Ìpẹ̀rú sáré wá bá a, báàgì lórí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni.

"Bàbá, ọmọ mi gba tíkẹ́ẹ̀tì fún mi, ọkọ̀ aago mẹ́wàá àárọ̀ yìí ni, ní Èkó. Ṣé n ó bá a?"

Ọkùnrin méjì tó wà nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ń retí kó ní ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Olóyè ò wò wọ́n. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà kan lọ sísàlẹ̀, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó sì fún ìyá náà láyè kó jókòó tì í.

"Ìyá," ló wí pẹ̀lẹ́, "ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù lòní. Àná ló yẹ kí ẹ ti máa lọ."